Páàsì Rélùwéè fún Ìsinmi Òkè Òkun: Ẹ Ṣírò Kí Ẹ Tó Rà

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí. Káàdì báńkì ti wà lọ́wọ́ wọn, ojú ìwé ìsanwó sì ti ṣí sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n fẹ́ ra páàsì rélùwéè, ìyẹn ìwé kan ṣoṣo tí ènìyàn ń san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti fi wọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin, èyí tó gba gbogbo Yúróòpù, ọlọ́jọ́ méje láàárín oṣù kan, torí pé ẹnì kan ti fi dá wọn lójú pé òun ló dín owó jù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ìlú mélòó lẹ fẹ́ dé?" Wọ́n ní mẹ́ta: Paris, Amsterdam àti Berlin. Wọ́n á fi ọkọ̀ òfurufú dé Paris, wọ́n á sì wọkọ̀ òfurufú padà láti Berlin. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n máa wọ rélùwéè nínú gbogbo ìrìn náà. Ife omi kan ló ń gbẹ wọ́n lọ́fun, odindi táńkà ni wọ́n fẹ́ lọ rà.

Àwọn tó ń ta páàsì kò parọ́ fún wọn o. Àwa la máa ń ka páàsì sí tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú, òun kọ́. Òmìnira ni wọ́n ń tà fún wa: kí a jí láàárọ̀, kí a yọjú wo ojú ọjọ́, kí a wọ ọkọ̀ tó bá wù wá, ká sọ̀kalẹ̀ ní ìlú tí a kò pète rẹ̀. Ẹni tó máa lo òmìnira yẹn ni páàsì ń ṣe láǹfààní. Ẹni tó ti mọ ọjọ́ àti wákàtí tó máa kúrò ní ìlú kọ̀ọ̀kan láti oṣù mẹ́ta ṣáájú, tíkẹ́ẹ̀tì lásán ló sábà máa ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Bí ẹ ṣe máa mọ èyí tí ẹ jẹ́ nínú méjèèjì ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ìrìn náà sórí ìwé

Bébà àti bírò ti tó. Ẹ kọ ìlú tí ẹ máa sùn sí lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Níbi tí orúkọ ìlú bá ti yí padà, ẹ fa ìlà sí i: ọjọ́ ìrìn nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àwọn ọjọ́ tí ẹ fẹ́ jáde lọ wo ìlú mìíràn kí ẹ tó padà wá sùn kún un. Iye ìlà tó bá wà níbẹ̀ ni iye ọjọ́ tí ẹ nílò rélùwéè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó rò pé ìrìn mẹ́wàá ni àwọn ní ló ń bá mẹ́rin lórí ìwé.

Ẹ má ka ìrìn inú ìlú mọ́ ọn. Páàsì tó gba gbogbo Yúróòpù kì í gba ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Paris, owó ọ̀tọ̀ ni ẹ máa san fún un. Ní Jámánì, ó gba S-Bahn, ìyẹn rélùwéè tó so ìlú mọ́ agbègbè rẹ̀, kò gba U-Bahn, ìyẹn ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí lè san owó ìtanràn pẹ̀lú páàsì olówó iyebíye nínú àpò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo ibi tí ẹ ń gbé

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀, torí pé kì í ṣe gbogbo páàsì ni wọ́n ń tà fún gbogbo ènìyàn. Ní Yúróòpù, orúkọ méjì ni ẹ máa rí. Interrail, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1972, wà fún àwọn tó ń gbé Yúróòpù. Eurail, tó ti wà láti 1959, wà fún àwọn tí ilé wọn wà lóde Yúróòpù. Orílẹ̀-èdè 33 kan náà ni méjèèjì ń gbà. Ìyàtọ̀ tó máa dun ẹlòmíràn ni pé Interrail kì í jẹ́ kí ènìyàn máa gun ọkọ̀ kiri nínú orílẹ̀-èdè tó ń gbé: ẹ̀ẹ̀kan láti jáde àti ẹ̀ẹ̀kan láti wọlé ni wọ́n fún un.

Àwọn yòókù náà ní ẹnu ọ̀nà tiwọn. Ẹni tó ń gbé Biritéènì kò lè ra BritRail, àlejò ni wọ́n ń tà á fún. Swiss Travel Pass kò sí fún ẹni tó ń gbé Siwísílándì tàbí Liechtenstein. Ti Japan ló le jù: nínú àwọn àjèjì, ẹni tó wọlé gẹ́gẹ́ bí àlejò ọlọ́jọ́ díẹ̀ nìkan ni Japan Rail Pass wà fún, òǹtẹ̀ inú ìwé ìrìnnà ni wọ́n sì máa wò kí wọ́n tó gbé e fún yín. Ẹni tó lọ kàwé tàbí ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò lè gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà torí pé wọ́n ti bi mí rí: páàsì kì í ṣe físà. Pé Biritéènì àti Tọ́kì wà lára àwọn 33 yẹn kò túmọ̀ sí pé físà tó gbà yín wọ Faransé máa gbà yín wọ ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ bí páàsì náà ṣe ń ka ọjọ́

Irú méjì ló wà. Èyí àkọ́kọ́ ń ka ọjọ́ tẹ̀lé ọjọ́: ní kété tó bá bẹ̀rẹ̀, ó ń jó lọ bí àbẹ́là, ẹ wọ ọkọ̀ o, ẹ kò wọ ọkọ̀ o. Irú kejì ń jẹ́ kí ẹ yan ọjọ́ tí ẹ fẹ́ láàárín oṣù kan tàbí méjì. Fún Eurail àti Interrail, èyí tí ẹ ń yan ọjọ́ rẹ̀ máa ń jẹ́ ọjọ́ 4, 5 tàbí 7 láàárín oṣù kan, tàbí ọjọ́ 10 tàbí 15 láàárín oṣù méjì. Èyí tó ń tẹ̀ léra bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 15, ó sì lọ títí dé oṣù mẹ́ta. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ sun ju òru kan lọ ní ìlú kọ̀ọ̀kan kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú èyí tó ń tẹ̀ léra. Ẹni tó ń sáré láti ìlú dé ìlú bí ẹni tí wọ́n ń lé ló wà fún.

Ọjọ́ ìrìn kan bẹ̀rẹ̀ ní agogo méjìlá òru, ó sì parí ní agogo méjìlá òru kejì. Láàárín rẹ̀, ẹ lè wọ ọkọ̀ bí ẹ bá ṣe fẹ́, ì báà jẹ́ mẹ́fà. Ìyẹn ni mo fi ń gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n kó ìrìn jọ: bí ẹ bá ń ti ìlú kan lọ sí òmíràn, tí ìlú kẹta tó wù yín wà lójú ọ̀nà, ẹ sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, ẹ fi ẹrù sínú àpótí ibùdókọ̀, ẹ jẹun, ẹ rìn kiri, ẹ tún wọ ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ kan náà ni. Ọkọ̀ òru náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí ẹ bá wọ ọ́ ní agogo mẹ́wàá alẹ́, tí ẹ sì sọ̀kalẹ̀ ní agogo méje àárọ̀ láìpààrọ̀ ọkọ̀ lẹ́yìn agogo méjìlá òru, ọjọ́ tí ẹ wọ ọ́ nìkan ni wọ́n máa kà. Bí ẹ bá pààrọ̀ ọkọ̀ ní agogo kan òru, wọ́n ti gba ọjọ́ méjì lọ́wọ́ yín nìyẹn.

Amẹ́ríkà kò ka ọjọ́ rárá. Páàsì Amtrak, ilé-iṣẹ́ rélùwéè ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní USA Rail Pass fún yín ní ìrìn 10 láàárín ọjọ́ 30, wọ́n sì ti ń tà á ní 499 dọ́là. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá wọ ọkọ̀ kan tí ẹ sì sọ̀kalẹ̀, ìrìn kan ti lọ. Láti Chicago dé ẹ̀bá San Francisco, tó lé ní ọjọ́ méjì nínú ọkọ̀, ìrìn kan ṣoṣo ni. Láti New York dé Philadelphia, tí kò tó wákàtí méjì, ìrìn kan náà ni. Ẹ wá rí i pé ibi tó jìn ni kí ẹ fi páàsì yìí lọ, kí ẹ sanwó lọ́tọ̀ fún ibi tó súnmọ́. Ìjókòó lásán ló sì gbà, kò gba bẹ́ẹ̀dì, kò gba Acela tó ń sáré.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ gbé tíkẹ́ẹ̀tì lásán kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀

Ẹ padà sí bébà yẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ lójú òpó ilé-iṣẹ́ rélùwéè fúnra rẹ̀, fún irú ọjọ́ tí ẹ máa lọ gan-an. Ẹ kọ iye méjì: èyí tó rẹlẹ̀ jù tí ẹ bá rà á nísinsìnyí, tí kò ṣe é dá padà, àti èyí tí ẹ máa san bí ẹ bá rà á lọ́jọ́ ìrìn. Àárín iye méjèèjì yìí ni òdodo wà. Bí àpapọ̀ owó tó rẹlẹ̀ bá kéré sí ti páàsì, tí ọjọ́ yín kò sì ní yẹ̀, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí owó páàsì bá kéré ju àpapọ̀ àwọn tó rẹlẹ̀ pàápàá, ẹ ra páàsì, kò lọ́rọ̀ nínú. Bó bá bọ́ sáàárín, ìwà yín ló máa dájọ́: ṣé ẹni tó ń yí èrò padà ni yín?

Japan ni mo fi ń ṣàpẹẹrẹ jù, torí owó rẹ̀ yí padà lójijì. Títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, páàsì ọlọ́jọ́ 7 ti kíláàsì lásán jẹ́ 29,650 yẹ́ẹ̀nì. Láti oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ó di 50,000. Ẹ mú ìrìn tí ọ̀pọ̀ àlejò máa ń rìn: Tokyo sí Kyoto, nǹkan bí 14,000 yẹ́ẹ̀nì, Kyoto sí Hiroshima, nǹkan bí 11,000, Hiroshima padà sí Tokyo, nǹkan bí 19,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 44,000. Láyé 29,650, ẹni tí kò ra páàsì ló ń fowó ṣòfò. Láyé 50,000, ẹni tó rà á fún ìrìn kan náà ti fi 6,000 tọrẹ. Ìmọ̀ràn àtijọ́ ṣì wà káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì pé kí gbogbo ènìyàn tó ń lọ Japan ra páàsì. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ kí ẹ tó gbà á gbọ́. Àwọn páàsì alágbègbè tó gba apá kan ilẹ̀ náà nìkan ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò nísinsìnyí, pàápàá bí ẹ kò bá ní kúrò ní ìhà kan.

Ní Faransé, Sípéènì àti Ítálì, owó ọkọ̀ asáré ń gòkè bí ti ọkọ̀ òfurufú: ẹni tó tètè rà á san díẹ̀, ẹni tó pẹ́ san púpọ̀. Ní Siwísílándì àti Netherlands, pípẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan sí owó tíkẹ́ẹ̀tì abẹ́lé. Ìdí nìyẹn tí páàsì fi máa ń tètè jèrè ní Siwísílándì, níbi tí tíkẹ́ẹ̀tì ti wọ́n tí kò sì sí àbùjá púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: owó ìjókòó

Bí ẹ bá máa fo gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ má fo èyí. Páàsì sọ pé ẹ lè wọ ọkọ̀, kò sọ pé ẹ ní ìjókòó. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ asáré ló ń pọn dandan fún ẹni tó ní páàsì kó gba ìjókòó sílẹ̀ kó tó wọlé, owó ọ̀tọ̀ sì ni.

Lórí TGV, ìyẹn ọkọ̀ asáré Faransé, nínú ilẹ̀ náà, ẹ múra sílẹ̀ fún 10 sí 20 yúrò. Lórí Eurostar láti London sí Paris, nǹkan bí 30 yúrò tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ítálì àti Sípéènì náà ń gbà á lórí ọkọ̀ asáré wọn. Ọkọ̀ òru ń gba owó bẹ́ẹ̀dì. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé lórí Eurostar àti TGV, iye ìjókòó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn oní-páàsì kò pọ̀. Ó lè tán nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì olówó gọbọi ṣì wà nínú ọkọ̀ kan náà. Òmìnira tí ẹ rà ti di ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣètò ní oṣù méjì ṣáájú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní páàsì ọlọ́jọ́ 5 kan jẹ́ 300 yúrò. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ asáré méjì lọ́jọ́ kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 15 fún ìjókòó, ọjọ́ yẹn ti di 90. Ẹ wá fi 90 yẹn wé tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi 60 wé e.

Ilẹ̀ tó rọrùn jù fún páàsì ni Jámánì, Ọ́síríà, Siwísílándì, Netherlands àti Bẹ́ljíọ̀mù, torí pé ẹ lè wọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọkọ̀ ibẹ̀ láìgba ìjókòó sílẹ̀. Ọkọ̀ abẹ́lé tó ń dúró ní gbogbo ibùdó kò sì ń béèrè rẹ̀ níbi tó pọ̀ jù. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn máa ní òun á máa fi ọkọ̀ tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ la Faransé já kó má baà sanwó. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ọjọ́ ìsinmi náà lówó lórí.

Ẹ tún wo orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ náà dáadáa. Pé ọkọ̀ kan ń gba ojú irin kan náà kọjá kò sọ ọ́ di ara páàsì. Italo ní Ítálì àti Ouigo asáré ní Faransé kò sí nínú Eurail tàbí Interrail.

Ti ẹ̀gbọ́n mi nìyí: Paris sí Amsterdam, Eurostar ni ọkọ̀ tó lọ tààrà, tó ń gba owó ìjókòó. Láti Amsterdam sí Berlin, gbígba ìjókòó sílẹ̀ kò pọn dandan. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì tí a rà ní oṣù méjì ṣáájú kò tó ìdajì owó páàsì.

Ọjọ́ orí, àwọn ọmọ, àti kíláàsì

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Eurail àti Interrail ń dín owó fún ẹni ọdún 12 sí 27, wọ́n sì ń dín díẹ̀ fún ẹni ọgọ́ta ọdún sókè. Ọmọ ọdún 4 sí 11 ń lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ méjì fún àgbàlagbà kan, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi páàsì ọmọ kún ti àgbàlagbà nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ ó sì san owó ìjókòó wọn. Ní Siwísílándì, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ń bá òbí rẹ̀ rìn lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú Swiss Family Card. Ìdílé tó ní ọmọ mẹ́ta lè rí i pé ìṣirò tí kò jèrè fún ẹnì kan jèrè fún wọn dáadáa.

Kíláàsì kejì ti tó. Ẹ fi owó tó kù jẹun.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wo àwọn tí kò jẹ́ páàsì

Nígbà mìíràn, ohun tó bá yín mu kò ní orúkọ páàsì lára. Ní Biritéènì, káàdì kan wà tí wọ́n ń pè ní Railcard. Ó di 35 pọ́n-ùn lọ́dún 2025, ó sì ń gé ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú ọ̀pọ̀ owó ọkọ̀. Tí tíkẹ́ẹ̀tì yín bá ti lé ní 105 pọ́n-ùn, ó ti san ara rẹ̀ padà. Àwọn tọkọtaya tàbí ọ̀rẹ́ méjì ń pín ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Two Together, àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kí agogo 9:30 àárọ̀ tó lù.

Jámánì ní Deutschlandticket. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ní 49 yúrò lóṣù, ó di 58 lọ́dún 2025, ó sì di 63 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2026. Gbogbo ọkọ̀ abẹ́lé, bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ inú ìlú jákèjádò orílẹ̀-èdè ló gbà, àyàfi ICE, IC àti irú wọn tó ń sáré. Munich sí Berlin tó jẹ́ nǹkan bí wákàtí mẹ́rin lórí ICE máa gbà yín ní odindi ọjọ́. Ẹ tún rántí pé ìdáwó oṣooṣù ni: bí ẹ kò bá fagi lé e kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó kọjá, wọ́n á tún yọ owó oṣù tó ń bọ̀ nígbà tí ẹ ti padà délé.

Siwísílándì ní méjì tó ń bá ara wọn jà. Swiss Travel Pass wà fún ọjọ́ 3, 4, 6, 8 tàbí 15, ó gba rélùwéè, bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ inú ìlú, àti ìwọlé sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó lé ní 500. Half Fare Card ń gé ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì sí ìdajì fún oṣù kan. Àwọn ọkọ̀ orí òkè ló ń ya wọ́n sọ́tọ̀. Páàsì gba ọkọ̀ òkè Rigi pátápátá, àmọ́ fún ti òkè Jungfraujoch, ìdá kan nínú mẹ́rin ló dín, nígbà tí Half Fare Card dín ìdajì. Bí ẹ bá fẹ́ jókòó sí abúlé kan kí ẹ máa gun òkè ńlá, mo máa ń sọ pé kí ẹ gba káàdì ìdajì. Bí ẹ bá fẹ́ máa yí ká, páàsì ni.

Ìgbésẹ̀ keje: rírà á àti lílò ó

Orúkọ orí páàsì gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ìrìnnà mu lẹ́tà sí lẹ́tà, torí wọ́n lè béèrè méjèèjì nínú ọkọ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ nípa ìdápadà owó kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì, pàápàá bó bá jẹ́ pé ẹ̀dínwó ni wọ́n ń ṣe. Ẹ má sì mú páàsì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Ti Eurail lè dúró dè yín fún oṣù 11.

Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ wọn wà báyìí. Nínú Rail Planner, áàpù Eurail àti Interrail, níní páàsì nìkan kò tó: ẹ gbọ́dọ̀ fi ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ wọ̀ sínú ìrìn yín, kí ẹ so ó mọ́ páàsì, kí kóòdù ọjọ́ yẹn tó yọ. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lò ó, mo sáré wọ ọkọ̀, mo jókòó, mo ní màá ṣe é bí a bá gbéra. A gbéra, a wọ inú ihò òkè, íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Bàbá tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò dúró tì mí pẹ̀lú ẹ̀rọ wọn lọ́wọ́. Bátìrì mi ti pupa, ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù. Mo ń tẹ̀ ẹ́, àmì ìdúródè ń yí bírípó, wọn kò sọ̀rọ̀, wọn kò sì lọ. Bí a ṣe jáde nínú ihò ni kóòdù yọ. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní kí n máa ṣe é lórí ilẹ̀ nígbà mìíràn. Wọ́n ṣojú àánú ni, owó ìtanràn ni ẹlòmíràn ì bá kọ fún mi.

Láti ìgbà náà, ibi tí mo ti ń dúró de ọkọ̀ ni mo ti ń ṣí kóòdù, mo sì ń ya àwòrán ìwé ìjókòó sínú fóònù kejì. Páwà báǹkì ń wà nínú àpò ẹ̀wù, kì í ṣe nínú àpótí tí mo ti gbé sókè orí.